Ṣé Nítorí Ẹran Odò Kan Ni Wọ́n Ṣe Gba Àwọ̀n Lọ́wọ́ Apẹja?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọmọ apẹja ni mí, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Mo gbọ́ pé ní Ṣáínà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pẹja mọ́ lórí odò Yangtze fún ọdún 10 gbáko, nítorí ẹran odò kan tó jọ dọ́fíìnì, tí gbogbo rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀ lọ. Àwọn apẹja tí wọ́n ní kó kúrò lórí omi ju 200,000 lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣé kò sí irú ẹran náà nínú òkun tí wọ́n lè kó wá fi rọ́pò ni? Àbí kí ló dé tí wọn ò kó wọn sínú adágún kan, kí wọ́n máa tọ́jú wọn níbẹ̀, kí apẹja sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ sì bá mi kí Bàbá. Òwe tí wọ́n pa wọlé, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú nǹkan kan: ẹran yìí nìkan kọ́ ló fà á tí wọ́n fi ká àwọ̀n kúrò lórí Yangtze. Ẹja ló tán. Lọ́dún 1954, ẹja tí wọ́n pa nínú odò náà tó 427,000 tọ́ọ̀nù. Láwọn ọdún tó ṣáájú ìfòfindè, kò tó 100,000 mọ́ lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ lágbára sí i, àwọ̀n gùn sí i, ojú àwọ̀n sì ń kéré sí i. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ apẹja mọ ibi tí ìyẹn ń lọ: ọmọ ẹja tí kò tíì bímọ rí ni wọ́n ń kó. Ẹran tí ẹ ń béèrè rẹ̀ àti apẹja, oúnjẹ kan náà ni wọ́n jọ ń wá nínú omi kan náà. Ebi tó ń pa ọ̀kan ti ń pa èkejì tipẹ́.

Pọ́pọ́ọ̀sì ni ẹran náà, àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní jiangtun. Ìbátan dọ́fíìnì àti àbùùbùtán ni, kì í ṣe ẹja rárá: afẹ́fẹ́ ló ń mí bí èmi àti ẹ̀yin, ó ń lóyún, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Dọ́fíìnì ní ẹnu tó yọ síwájú, eyín rẹ̀ rí ṣóńṣó. Ojú pọ́pọ́ọ̀sì rí roboto, ẹnu rẹ̀ kò yọ, eyín rẹ̀ rí pẹlẹbẹ. Lẹbẹ tí a mọ̀ mọ́ ẹ̀yìn dọ́fíìnì, jiangtun kò ní. Ìlà tóóró kan tó ga díẹ̀, tó ní kókó wẹ́wẹ́, ló fi gùn gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, bó bá yọ láti mí, ẹ̀yìn kan tó ní àwọ̀ eérú lẹ máa rí fìrí, ó ti tún rì. Àgbà rẹ̀ kì í sábà gùn ju mítà 1.7 lọ. Abo rẹ̀ kì í bí ju ọmọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan, oyún rẹ̀ ń súnmọ́ ọdún kan, ó sì máa ń fún ọmọ lọ́mú fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ fi ọkàn sí ìyẹn, torí pé bí abo kan bá kú, ó lè jẹ́ òun àti ọmọ tó ń mu ọmú lọ́wọ́ àti èyí tó kù ní ikùn ló bá a lọ.

Gbogbo pọ́pọ́ọ̀sì yòókù láyé, inú òkun ni wọ́n ń gbé. Òun nìkan ló fi omi tí kò níyọ̀ ṣe ilé, ibi kan ṣoṣo ló sì wà: apá àárín àti ìsàlẹ̀ Yangtze, láti ìlú Yichang wálẹ̀ dé ìtòsí Shanghai, pẹ̀lú adágún ńlá méjì tó ṣí sínú odò náà, Dongting àti Poyang. Àyè rẹ̀ gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà kan. Bí wọ́n ṣe mọ̀ dùn mọ́ mi nínú púpọ̀. Láyé àtijọ́, àwọn akéwì Ṣáínà tó bá wọkọ̀ ojú omi rìnrìn àjò a máa kéwì nípa ohun tí wọ́n rí, jiangtun sì wà lára rẹ̀, torí pé tí ìjì bá ń bọ̀, ó máa ń yọ sókè léraléra kọjú sí atẹ́gùn, èrò inú ọkọ̀ á sì tètè mọ̀ pé kí àwọn wá èbúté. Lọ́dún 2025, àwọn onímọ̀ kan ṣa ewì 724 jọ, láti ìgbà ìjọba Tang tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 618 títí di òde òní, wọ́n sì wo ibi tí akéwì kọ̀ọ̀kan wà nígbà tó rí ẹran náà. Wọ́n rí i pé àyè tí jiangtun ń gbé ti fi ó kéré tán ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá yìí ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ṣẹlẹ̀. Inú àwọn ẹ̀ka odò àti adágún ló ti parẹ́ jù. Ó níye lórí pé akéwì ló bá wa pa àkọsílẹ̀ yẹn mọ́, torí àwọn tó ń ka iye ẹran kò sí níbẹ̀ nígbà náà.

Ní ti iye, nígbà tí wọ́n kà á ní nǹkan bí ọdún 1991, ó lé ní 2,500. Lọ́dún 2006, ó ti di nǹkan bí 1,800. Lọ́dún 2012, ó di bí 1,040. Lọ́dún 2017, 1,012. Ẹ wá gbọ́ ohun tó yẹ kó ya èèyàn lẹ́nu: látọdún 1989 ni òfin Ṣáínà ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa jiangtun. Abẹ́ òfin yẹn ló wà nígbà tí ìdajì rẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fi run.

Òfin náà kò ṣiṣẹ́ torí pé kò sí ẹni tó ń dọdẹ rẹ̀. Erin, eyín rẹ̀ ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi ń pa á. Ẹkùn, awọ rẹ̀. Ẹran tó bá ní ọdẹ, èèyàn lè mú ọdẹ náà, èèyàn lè lọ ti ọjà tó ti ń tà á pa. Jiangtun kò ní ọdẹ. Ẹran rẹ̀ kò ní oníbàárà. Ohun tí wọ́n dẹ de nǹkan mìíràn ló ń kú sí. Ẹ lè sọ fún gbogbo èèyàn etí odò náà pé kí wọ́n má pa á, gbogbo wọn á sì pa òfin mọ́, á tún máa kú lọ bẹ́ẹ̀. Èyí gan-an ni ìdí tó fi nílò ààbò tó le ju ti ẹran mìíràn lọ, òun náà ló sì mú kí ààbò náà kan ẹni tí kò ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọ̀n ṣe ń pa á. Omi Yangtze máa ń rú, ojú kò ríran jìnnà nínú rẹ̀, ìró ni jiangtun fi ń mọ̀nà. Á máa ta ìró kan léraléra, wìrìwìrì, tó ga débi pé etí èèyàn kò lè gbọ́ ọ. Bí ìró náà bá kan nǹkan, á ta padà wá bá a, á sì mọ̀ bóyá ẹja ni tàbí òkúta, á mọ bó ṣe jìnnà tó. Ara ẹja ń dá ìró padà dáadáa. Okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n òde òní kò fi bẹ́ẹ̀ dá a padà. Ìgbà tó bá máa fura pé nǹkan wà níwájú, ó ti dé ibẹ̀. Ẹja tó ti há sínú àwọ̀n sì ń jà pìtìpìtì, ìyẹn gan-an ló ń pè é wá. Ó sáré sí ẹja, ó wọ inú àwọ̀n. Lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ há, ìrù rẹ̀ há, ó yí ara pé kóun bọ́, àwọ̀n tún wé e sí i. Ẹja tó há lè wà láàyè di àárọ̀, torí inú omi ló ti ń mí. Jiangtun gbọ́dọ̀ yọ orí sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tí apẹja bá máa fi fa àwọ̀n rẹ̀ ní ìdájí, òkú ló máa bá níbẹ̀, àwọ̀n á ti ya, owó á ti bá a lọ. Òun náà kò jèrè kankan nínú ikú yẹn.

Ìwọ̀ tún burú ju àwọ̀n lọ. Irú èyí tí wọ́n ń lò lórí Yangtze, okùn gígùn kan ni, tí wọ́n so ìwọ̀ mímú tí kò ní ìjẹ mọ́ lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún, ọ̀kan kò jìnnà sí èkejì, wọ́n á wá tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ omi. Wọn ò retí kí ẹja gbé ìwọ̀ mì. Ẹja tó bá ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ ni ìwọ̀ kan máa kọ́ lára. Bó ṣe ń jà, ó ń fa okùn mọ́ra, ìwọ̀ kejì wọlé, ìkẹta wọlé, ìkẹwàá wọlé. Ó lòdì sófin, síbẹ̀ wọ́n ń lò ó. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń fi bátìrì ta iná mànàmáná sínú omi, kí gbogbo ohun tó wà láyìíká léfòó sókè lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé apẹja gidi kì í fẹ́ràn irú àwọn yẹn, ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Ṣáínà.

Ká tiẹ̀ ní àwọ̀n àti ìwọ̀ kò sí, ọkọ̀ wà. Kò sí odò kankan láyé tó ń gbé ẹrù tó Yangtze. Lọ́dún 2020 nìkan, ẹrù tó gba orí rẹ̀ kọjá lé ní bílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù. Ewúrẹ́ tí ilé rẹ̀ bọ́ sí àárín títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni jiangtun: kò sí awakọ̀ tó bínú sí i, kò sí èyí tó fẹ́ kó kú, ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe máa parí. Abẹ tó ń yí nídìí ọkọ̀ ń gé wọn. Ariwo ẹ̀ńjìnnì kò sì jẹ́ kí ìyá àti ọmọ gbúròó ara wọn dáadáa, ọmọ tó bá sì sọ ìyá rẹ̀ nù nígbà tó ṣì ń mu ọmú, kò lè là á já.

Lẹ́yìn ìyẹn ni yanrìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí àwọn awayanrìn lórí ọ̀sà Èkó máa tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2000, ìjọba fòfin de wíwa yanrìn ní apá ìsàlẹ̀ Yangtze, torí pé bèbè odò ń ya, afárá ń bàjẹ́. Àwọn ọkọ̀ awayanrìn kò ta ara wọn. Poyang ni wọ́n forí lé. Wọ́n wa ẹnu ibi tí adágún náà ti ń ṣàn sínú odò débi pé ó jìn ju bó ṣe wà lọ. Nígbà ẹ̀rùn, omi á wá tètè ṣàn jáde nínú adágún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn jiangtun á sì há sínú kòtò tí ẹ̀rọ gbẹ́ sílẹ̀, tí ilẹ̀ gbígbẹ yí wọn ká. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 2022, àwọn olùṣọ́ ní láti máa fi ọwọ́ ara wọn kó wọn lọ sí ibi tí omi ti jìn.

Ti àwọn ìsédò náà wà níbẹ̀. Gezhouba dí odò náà lọ́dún 1981, ti Three Gorges bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi dúró lọ́dún 2003. Jiangtun kì í lọ yé ẹyin lókè odò, nítorí náà ìsédò kò dí òun gan-an lọ́nà; oúnjẹ rẹ̀ ló dí lọ́nà. Ẹja tó ń dúró de ìgbà tí omi bá ń kún kó tó yé ẹyin kò mọ ìgbà mọ́, torí pé ẹni tó ń ṣí ìlẹ̀kùn ìsédò ló ń pinnu ìgbà tí omi máa kún. Àwọn adágún tó lé ní 100 ló ṣí sínú Yangtze nígbà kan, ibẹ̀ ni ọmọ ẹja ti ń dàgbà. Wọ́n fi ògiri àti ìlẹ̀kùn dí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti dáko àti láti dá ìkún omi dúró. Nínú àwọn ńlá, Poyang àti Dongting ló ṣẹ́kù.

Nísinsìnyí, ẹ bi mí pé kí ló dé tí wọn ò kó wọn sínú adágún kan. Wọ́n ti kó wọn. Ní ìtòsí ìlú Shishou ní ìpínlẹ̀ Hubei, ibì kan wà tí Yangtze ti ń yí bìrí bí ẹja àrọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún 1972 odò gé ọ̀nà tààrà fún ara rẹ̀, ó sì fi apá tó yí náà sílẹ̀ lọ́tọ̀, omi tó gùn tó kìlómítà 21. Tian-e-Zhou ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Lọ́dún 1990, wọ́n kó jiangtun 5 síbẹ̀, lọ́dún 1992 ìjọba sọ ibẹ̀ di ibi ìpamọ́, wọ́n ń kó mìíràn kún un díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń bímọ níbẹ̀, iye wọn sì ti lé ní 100. Ní Wuhan pẹ̀lú, níbi tí ilé ìwádìí nípa ohun abẹ̀mí inú omi wà, abo kan bímọ sínú adágún omi tí wọ́n kọ́ fún wọn lóṣù keje ọdún 2005. Taotao ni wọ́n sọ ọmọ náà. Nítorí náà, ọ̀nà tí ẹ ronú kàn yẹn, ọ̀nà tó dára ni.

Ṣùgbọ́n ibi ìpamọ́ ní tirẹ̀. Àwọn tó bí gbogbo àwọn ọmọ yẹn kò pọ̀, ẹbí kan náà á sì máa fẹ́ ara wọn. Nígbà òtútù líle ọdún 2008, yìnyín bo ojú omi Tian-e-Zhou. Bí wọ́n ṣe ń fi orí fọ́ ọ láti mí, ó ń ya wọ́n lára, àwọn kan sì kú. Nínú odò ńlá, ẹran á sá lọ síbi tí omi ti ń ṣàn. Nínú adágún, kò sí ibi tó máa sá sí. Bákan náà, ká ní ẹ tọ́ 500 dàgbà síbẹ̀, níbo lẹ máa dá wọn padà sí bí odò bá ṣì kún fún ìwọ̀? Oṣù kẹrin ọdún 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ dá 4 nínú wọn padà sínú Yangtze, ìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti ká àwọ̀n kúrò. Kò lè ṣáájú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ baiji ló sì jẹ́ kí ara máa kán àwọn èèyàn wọ̀nyí. Odò yìí kan náà ní dọ́fíìnì tirẹ̀ rí, baiji, ẹnu rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kéré. Ní oṣù kìíní ọdún 1980, àwọn apẹja rí ọ̀kan lẹ́bàá ẹnu adágún Dongting, ìwọ̀ ti dá ọgbẹ́ jíjìn sí i lẹ́yìn ọrùn. Wọ́n gbé e lọ sí Wuhan, wọ́n tọ́jú ọgbẹ́ náà, wọ́n sọ ọ́ ní Qiqi. Ọdún 22 ló fi gbé ibẹ̀. Wọ́n wá aya fún un: wọ́n rí abo kékeré kan mú lọ́dún 1986, ó kú lọ́dún 1988 kó tó dàgbà tó ẹni tó ń bímọ. Lọ́dún 1986 yẹn náà ni àwọn onímọ̀ láti ìlú púpọ̀ ṣèpàdé ní Wuhan lórí bí wọ́n ṣe máa gba àwọn dọ́fíìnì inú odò là. Ọdún 1995 ni wọ́n tó rí abo baiji kan kó lọ sí Tian-e-Zhou. Kí ọdún kan tó pé, wọ́n bá òkú rẹ̀ lára àwọ̀n tí wọ́n fi dí ẹnu ibẹ̀. Qiqi kú lóṣù keje ọdún 2002. Ní ìparí ọdún 2006, ọkọ̀ ìwádìí rin Yangtze láti Yichang dé Shanghai, ó tún rin ín padà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tó ń fi awò wo omi láti àárọ̀ dalẹ́ àti ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró lábẹ́ omi. Wọn ò rí baiji kankan. Lójú ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ti ka àwọn jiangtun tó mú iye 1,800 tí mo sọ lókè wá, wọ́n sì rí i pé bí tiwọn náà ṣe ń dín kù jọ bí ti baiji ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹja ńlá kan tún wà tí imú rẹ̀ gùn bí idà, tó máa ń gun òkè odò lọ yé ẹyin. Lọ́dún 2003 ni wọ́n rí èyí tó kẹ́yìn láàyè. Lọ́dún 2022 wọ́n kéde pé ó ti run pátápátá. Odò kan ṣoṣo ló pàdánù méjèèjì láàárín ìgbà ayé èèyàn kan.

Ní ti pé kí wọ́n kó ti òkun wá: òótọ́ ni pé pọ́pọ́ọ̀sì tó jọ ọ́ wà nínú òkun Ṣáínà, fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ sì fi kà wọ́n sí ọ̀kan náà. Lọ́dún 2018, wọ́n yẹ àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò fínnífínní. Wọ́n rí i pé ti odò àti ti òkun kò bá ara wọn dàpọ̀ mọ́ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Apá ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ jù lọ kan bí kíndìnrín wọn ṣe ń ṣètò omi àti iyọ̀ nínú ara. Ara ọ̀kan ti mọ́ omi tí kò níyọ̀, ara èkejì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ti odò bá tán, ó tán nìyẹn. Kò sí ibòmíràn láyé tí ẹnikẹ́ni ti lè lọ rà á.

Mo wá padà sọ́dọ̀ Bàbá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lo oògùn orí fífọ́ tipẹ́ kó tó dé ibi yìí. Látọdún 2003 ni wọ́n ti ń fòfin de ẹja pípa fún oṣù mẹ́ta lọ́dọọdún nígbà tí ẹja ń yé ẹyin, wọ́n sọ ọ́ di oṣù mẹ́rin lọ́dún 2016. Ọjọ́ tí òfin bá ti wọlẹ̀, gbogbo ọkọ̀ á ya bo omi lọ́jọ́ kan náà, ohun tí ẹja bí láàárín oṣù mẹ́rin yẹn á sì wọ àwọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn ẹja tó tóbi níbẹ̀ ń lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n tó bímọ. Ìsinmi oṣù mẹ́rin kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọdún 10, ẹja á lè bímọ, ọmọ náà á lè bímọ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021 ni ìfòfindè náà bẹ̀rẹ̀ sórí odò pátá. Ọkọ̀ tí wọ́n gbà kúrò tó bí 110,000, apẹja tó bí 230,000. Ìjọba ra ọkọ̀ àti àwọ̀n, wọ́n ṣètò owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n kọ́ àwọn kan níṣẹ́ mìíràn. Mi ò ní sọ fún yín pé ó rọrùn. Àwọn ìdílé kan wà tí baba ńlá wọn kò ní ilẹ̀ rí, inú ọkọ̀ ni wọ́n bí wọn sí, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti gbéyàwó. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 55 tí ẹ ní kó lọ kọ́ṣẹ́ ilé iṣẹ́, ìtìjú ló máa kọ́kọ́ kọ́ níbẹ̀. Ohun tí mo fọwọ́ sí jù nínú ètò wọn ni pé wọ́n gba àwọn apẹja kan ṣe olùṣọ́ odò. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí jiangtun ń sùn sí, ibi tí àwọn olè ń dẹ ìwọ̀ sí, bí ẹni tó ti pẹja níbẹ̀ fún 30 ọdún.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Nígbà tí wọ́n kà á lọ́dún 2022, wọ́n rí 1,249: 595 nínú odò gan-an, 492 ní Poyang, 162 ní Dongting. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí iye náà gòkè látìgbà tí wọ́n ti ń kà á. Láti 1,012 sí 1,249 kì í ṣe ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ pe onílù, ìjàǹbá kan ní Poyang lè gba gbogbo èrè yẹn padà. Ṣùgbọ́n ẹran tó ń bí ọmọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, tó tètè gòkè bẹ́ẹ̀ kété tí àwọ̀n kúrò, ó ti sọ ohun tó ń pa á fún wa.

Ẹ fi wé ti vaquita, pọ́pọ́ọ̀sì kékeré inú òkun ní Mẹ́síkò. Àwọ̀n tí wọ́n dẹ de ẹja mìíràn, totoaba, ló ń pa òun náà. Ìjọba Mẹ́síkò fòfin de irú àwọ̀n yẹn lágbègbè rẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìwé ni òfin náà wà ju orí omi lọ, wọn ò sì ṣètò iṣẹ́ tó nítumọ̀ fún apẹja. Nǹkan bí 600 ni vaquita lọ́dún 1997. Lónìí, nǹkan bí 10 ló kù. (Àwọn tó sì ń ra àpò afẹ́fẹ́ inú ikùn totoaba yẹn lówó gọbọi, Ṣáínà ni ọjà wọn wà. Ilé kan náà ló ń tún ọwọ́ ọ̀tún ṣe tó ń fi tòsì bà á jẹ́.)

Nítòsí tiwa, kò sí pọ́pọ́ọ̀sì ní ọ̀sà Èkó tàbí ti Lẹ́kí. Ṣùgbọ́n dọ́fíìnì kan wà tó ní iké lẹ́yìn, etíkun Áfíríkà nìkan ló ń gbé, láti apá Sàhárà dé Àǹgólà, kì í jìnnà sí ilẹ̀. Iye rẹ̀ lápapọ̀ kò tó 3,000, látọdún 2017 ni wọ́n sì ti kà á mọ́ àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán. Kò ní ọ̀pọ̀ ọdẹ, àwọ̀n àṣùnmọ́jú ló ń pa á. Bí Bàbá bá bá irú rẹ̀ pàdé láàyè nínú àwọ̀n ẹnikẹ́ni, kí wọ́n bá mi gé àwọ̀n náà. Mo mọ iye tí àwọ̀n ń jẹ́ lọ́jà, mo sì tún sọ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 10 ti Yangtze máa pé ní ìparí ọdún 2030, ìgbà yẹn ni mo ń wò. Ìjọba ìpínlẹ̀ Jiangxi ti ń wá bí wọ́n ṣe máa kọ́ ìlẹ̀kùn sí ẹnu Poyang láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ní kí omi má baà gbẹ nígbà ẹ̀rùn. Ohun tí yanrìn wíwa bàjẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ìlẹ̀kùn tún ṣe, mi ò sì fara mọ́ ọn: ó máa pín àwọn ti adágún sọ́tọ̀ kúrò lára ti odò, nígbà tí ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo wọn wà ní Poyang. Ní ti ẹja pípa, bí wọ́n bá fẹ́ ṣí i padà, mo rò pé ó ṣeé ṣe kí apẹja padà sórí apá kan odò náà pẹ̀lú ìwọ̀ olókùn kan àti ìgèrè, irinṣẹ́ tí jiangtun kì í há sí. Àwọ̀n tí wọ́n ń dẹ sílẹ̀ mọ́jú kò gbọdọ̀ padà. Iye ẹni tí irú ẹja pípa bẹ́ẹ̀ lè bọ́ kò lè tó 230,000 láéláé, kódà kò lè tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀, nítorí náà owó ìfẹ̀yìntì àwọn àgbà yẹn kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí òfin bá parí.